Ọmọ Ọ̀ṣoògùn ní Canterbury

Ẹni tó bá dá fi ẹsẹ̀ rin Canterbury, ìlú àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò ní ṣàì dé kàtídírà tí wọ́n ti pa Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Thomas Becket ní 1170. Kí ọmọ Òkè-Ògùn má tètè kúrò níbẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti fi Samuel Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹfà, 1864. Ẹsẹ̀ tó gbé e wọlé lọ́jọ́ náà ló fi rin láti Ọ̀ṣoògùn dé Ìsẹ́yìn ní 1821, pẹ̀lú okùn ẹrú lọ́rùn. Láti Òtù níbí, Ìsẹ́yìn kò jìnnà. Àwa olùkọ́ mélòó ló ti mú akẹ́kọ̀ọ́ rin ọ̀nà náà? Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ẹni tí kò mọ Ọ̀ṣoògùn, òkúta lásán ni yóò rí ní Canterbury.