Ilé Tí Ó Tutù Láìsí Ẹ̀rọ: Ìtàn Ọgbọ́n Ìkọ́lé ní Ilẹ̀ Wa

Òjò àti oòrùn ni olùkọ́ méjì tí ó kọ́kọ́ kọ́ ọmọ ènìyàn ní iṣẹ́ ilé kíkọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu, inú ilé rẹ̀ a tutù. Ẹni tí ó bá sì kọ etí ikún sí wọn, yóò san ìtanràn rẹ̀ ní ojoojúmọ́, ì báà ṣe pẹ̀lú òógùn ara rẹ̀, ì báà ṣe pẹ̀lú owó àpò rẹ̀. Nínú àròkọ yìí, àwa fẹ́ wo bí àwọn baba wa ti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ olùkọ́ méjèèjì yìí, bí ẹ̀kọ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù, àti èrè tí ó wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó ń gbèrò ilé titun lónìí.

Ní ayé àtijọ́, agbo ilé ni àwọn Yorùbá ń gbé, amọ̀ ni a sì fi ń mọ ògiri rẹ̀. Àwọn ọ̀mọlé a fi ẹsẹ̀ po amọ̀ náà títí yóò fi kúnná. Wọn a mọ ìpele kan, wọn a jẹ́ kí ó gbẹ, kí wọn tó gbé òmíràn lé e. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, koríko bẹẹrẹ ni a fi ń bo òrùlé. Níbi tí igbó ti dí, ewé gbòdògì ni. Àlùfáà Samuel Johnson kọ nípa nǹkan wọ̀nyí nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921. Koríko bẹẹrẹ níyì tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń ṣe ọdún rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, nígbà tí àwọn ènìyàn ń gbé e wá fún Aláàfin.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀. Ògiri amọ̀ tí ó nípọn kì í tètè gbóná. Kí ooru ọ̀sán tó là á kọjá sínú yàrá, oòrùn ti ń lọ wọ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó há sáàárín koríko òrùlé kì í jẹ́ kí ooru ráyè sọ̀kalẹ̀. Etí òrùlé a sì yọ jáde bo ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí àwọn àgbà ń jókòó sí, tí oòrùn kò fi ń kan ògiri yàrá gan-an. Ní àárín gbùngbùn ni àgbàlá wà, tí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tí omi òjò sì ń dà láti orí òrùlé sínú ìkòkò.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi ìfẹ́ àtijọ́ bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Yàrá wọn ṣókùnkùn, nítorí fèrèsé kò tó nǹkan. Koríko a máa jẹrà. Bí iná bá sì ràn mọ́ òrùlé kan ní ìgbà ọyẹ́, ó lè jó odindi àdúgbò.

Nítorí náà, àwọn ènìyàn jàre nígbà tí wọ́n fi ayọ̀ gba ohun titun. Ní 1845 ni a parí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nnárì C.M.S. ní Àgbádárìgì. Àwọn Sàró dé láti Freetown, àwọn Àgùdà sì dé láti ilẹ̀ Brasil pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ tí Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó, tí a ṣí ní 1894, ń jẹ́rìí sí títí di òní. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin wọ Ìbàdàn ní 1901, ó rọrùn láti kó páànù dé òkè, owó kòkó sì rà á. Páànù kì í gbiná, kì í sì í jẹrà bí koríko. Ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́. Bí oòrùn bá ti kàn án, ó gbóná, ooru rẹ̀ a sì máa bọ́ lé orí ẹni tí ó wà nísàlẹ̀. Àwọn ọ̀mọlé ìgbà náà tí ó mòye mọ èyí: wọ́n kan àjà sí abẹ́ páànù, wọ́n gbé yàrá ga, wọ́n sì fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí iwájú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó tẹ̀lé wọn mú páànù, wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Nígbà tí a dá Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, Maxwell Fry àti aya rẹ̀, Jane Drew, ni a ké sí láti ya àwòrán ilé rẹ̀. Òyìnbó ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n wo ojú ọjọ́ wa kí wọn tó fa ìlà. Wọ́n kọ́ ilé tí kò fẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, kí ó sì gba èkejì jáde. Wọ́n sì fi ògiri oníhò ṣíji bo ilé ìkàwé tí à ń pè ní Kenneth Dike lónìí. Ní 1956 wọ́n tẹ ìwé jáde lórí irú ilé kíkọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni Demas Nwoko, ọmọ Idumuje-Ugboko, kọ́ ilé ìsìn àwọn Dominican sí Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1970. Ó po amọ̀ pupa mọ́ símẹ́ńtì láti fi ṣe búlọ́ọ̀kù. Ní 2023, a fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà ní ìlú Venice nítorí iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Lónìí, ẹni tí ilé rẹ̀ bá gbóná a ra ẹ̀rọ amúlétutù, a sì máa san owó iná àti owó epo jẹnẹrétọ̀ láìdáwọ́dúró. Ẹni tí kò lówó a máa jìyà ooru náà. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó jókòó sábẹ́ páànù tí kò ní àjà ní ago méjìlá ọ̀sán, tí oorun ń kùn ún, tí olùkọ́ sì ń pè é ní ọ̀lẹ.

Kí ni kí ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé ṣe? Kí ó kọ́kọ́ wo ibi tí oòrùn ń gbà. Oòrùn òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ni ó ń rẹlẹ̀ wọ fèrèsé. Nítorí náà, kí ẹ̀gbẹ́ tí ó kúrú kọjú sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, kí èyí tí ó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù. Kí fèrèsé kọjú sí fèrèsé. Kí etí òrùlé yọ jáde dáadáa, kí àjà wà lábẹ́ páànù, kí ihò sì wà tí ooru àárín méjèèjì yóò gbà jáde. Kí ó gbin igi sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn. Púpọ̀ nínú èyí kò gba owó kan nígbà tí ilé ṣì wà lórí ìwé. Nígbà tí ògiri bá ti dúró, owó ńlá ni yóò gbà.

Nínú òwe Olúwa wa nípa ọ̀mọlé méjì, kí òjò tó rọ̀ ni ọlọ́gbọ́n ti ronú. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó àwọn ọmọ yín jáde ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n sàmì sí ibi tí òjìji ilé-ẹ̀kọ́ wọn dé. Nínú wọn ni àwọn tí yóò kọ́lé lọ́la ti ń bọ̀.