Àwọn Arúgbó 98 ti Faroe

Olùkọ́ ìṣirò ni mí, ọmọ babaláwo sì ni mí. Nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lórí àkọsẹ̀bá, Faroe ni mo máa ń mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ ná.

Erékùṣù kéékèèké ni Faroe, nínú òkun tó wà ní àríwá Scotland, lábẹ́ ọba Denmark. Lóṣù kẹta ọdún 1846, káfíńtà kan tó wọkọ̀ láti Copenhagen gúnlẹ̀ síbẹ̀, kò mọ̀ pé òun ti gbé èèyi, tí òyìnbó ń pè ní measles, dání. Láàárín oṣù mélòó kan, nǹkan bí 6,000 nínú àwọn èèyàn ibẹ̀, tí gbogbo wọn kò pé 8,000, ló ti dùbúlẹ̀ àìsàn.

Ìjọba Denmark rán dókítà méjì lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Peter Ludvig Panum, ọmọ ọdún 25. Ó ń ti abúlé kan bọ́ sí ìkejì, ó ń béèrè ọjọ́ lẹ́nu wọn: ìgbà wo lẹ pàdé aláìsàn? Ọjọ́ wo ni ara yín sú? Inú ìdáhùn wọn ló ti rí i pé ọjọ́ 13 tàbí 14 ló sábà máa ń wà láàárín méjèèjì. Ṣùgbọ́n ti àwọn arúgbó ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Èèyi ti jà ní Faroe ní 1781, kò sì tún padà wá fún ọdún 65. Panum fojú ara rẹ̀ rí 98 nínú àwọn tó ṣe é nígbà èwe wọn. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó tún ṣe é. Àwọn ojúgbà wọn tí kò kàn ní 1781 ńkọ́? Ó dá ọ̀pọ̀ nínú wọn gúnlẹ̀ bí ọmọdé. Ogbó kọ́ ló gba àwọn 98 yẹn. Ara wọn ló rántí.

Báwo wá ni ara ṣe ń kọ́kọ́ mọ àrùn tí kò rí rí, kó tó lè rántí rẹ̀? Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí ìdáhùn tó fìdí múlẹ̀ tó dé. Ní 1957, Frank Macfarlane Burnet ní Melbourne kọ ọ́ pé ara kì í dúró de àrùn kó tó rọ ohun ìjà. Ó ti rọ oríṣiríṣi sílẹ̀ láìmọ ọ̀tá tó ń bọ̀. Èyí tó bá bá ọ̀tá mu ni yóò máa bí sí i, díẹ̀ nínú ọmọ rẹ̀ a sì ṣẹ́ kù bí ìrántí. Ní 1976, Susumu Tonegawa fi hàn ní Basel bí rírọ náà ṣe ń lọ: ńṣe ni sẹ́ẹ̀lì ń gé jíìnì, tó ń so ègé rẹ̀ pọ̀ bó ṣe bọ́ sí.

Ibẹ̀ ni mo ti ń yọ ọ̀pẹ̀lẹ̀ bàbá mi. Èso 8, ojú 2 fún èso kọ̀ọ̀kan, ó di odù 256. Nínú ara, ègé kan ń wá láti inú nǹkan bí 40, ìkejì láti inú nǹkan bí 23, ìkẹta láti inú 6. Ìyẹn ti lé ní 5,000, apá kan ṣoṣo nínú ohun ìjà náà sì nìyẹn.

Ní 1979, Alan Perelson àti George Oster fi ìṣirò wò ó: oríṣi ohun ìjà mélòó ló tó kí kòkòrò àrùn má baà rí ọ̀nà yọ? Èmi àti kíláàsì mi máa ń ṣe é báyìí. Ká ní oríṣi kan nínú 100,000 ló lè dá kòkòrò kan mọ̀. Bí ara bá ní oríṣi 100,000, kòkòrò náà ṣì lè yọ nígbà bí 37 nínú 100. Bí ó bá ní 1,000,000, kò tó ẹ̀ẹ̀kan nínú 20,000.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí pé, "Sà, kí ló dé tó jẹ́ Faroe lẹ ń sọ ṣáá? Ṣé èèyi kò sí níbòmíràn ni?" Ó wà. Ní àwọn ìlú ńlá ayé ìgbà náà, àrùn yìí ń padà wá léraléra, èèyàn kò sì lè mọ̀ bóyá ara ló rántí fúnra rẹ̀ tàbí àrùn ló ń rán an létí. Ní Faroe, fún odidi ọdún 65, kò sí ohun tó rán an létí.