Oògùn Méjì Nínú Ọ̀rá Kan

Ní Oǹdó àti Àkúrẹ́, bí a bá tú ọ̀rá oògùn àwọn òbí wa, a ó sábà rí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, a ó sì rí aspirin kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣé wọn ò ní bára wọn jà nínú ikùn? Ìtàn lè dá wa lóhùn.

Igi ni àwọn méjèèjì kọ́kọ́ fara tì. Lọ́dún 1897, ilé-iṣẹ́ Bayer ní Jámánì ṣe aspirin látinú ìmọ̀ èèpo igi willow. Lọ́dún 1952, wọ́n yọ reserpine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, lára ewéko Íńdíà kan tó jẹ́ ìbátan asofẹ́yẹjẹ tiwa.

Ọmọ Oǹdó wà nínú ìtàn yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akinkugbe, tí wọ́n bí níbẹ̀ lọ́dún 1933, ṣèwádìí ní Oxford lórí angiotensin, èròjà tó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Lisinopril tí àwọn òbí wa ń lò lónìí kì í jẹ́ kí ara ṣe é tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Lọ́dún 1971, John Vane ṣàlàyé pé aspirin máa ń dí prostaglandin lọ́wọ́. Kíndìnrín sì nílò èròjà yìí láti tu iyọ̀ àti omi jáde. Nítorí náà, aspirin ńlá tí à ń lò fún ara ríro léraléra lè sọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru di aláìlágbára. Ibuprofen àti diclofenac náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ti kékeré ńkọ́? Lọ́dún 1998, ìwádìí HOT tẹ̀lé ènìyàn 18,790 tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní orílẹ̀-èdè 26. Wọ́n fún ìdajì wọn ní aspirin mílígíráàmù 75. Ẹ̀jẹ̀ wọn ò tìtorí rẹ̀ ru sí i, àrùn ọkàn òjijì sì dín kù. Àmọ́ rọpárọsẹ̀ ò dín, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nínú ara sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Nígbà tó di 2019, àwọn ẹgbẹ́ dókítà ọkàn l'Amẹ́ríkà sọ pé kí ẹni tó ti lé ní 70 ọdún, tí kò ní àrùn ọkàn rí, má sọ ọ́ di àṣà.

Ìjà ò sí láàárín oògùn méjèèjì, iye tí a lò àti ẹni tó ń lò ó ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ ká wo nọ́ńbà ara páálí: 75 kì í ṣe 300. Bí BP ò bá tíì wálẹ̀, aspirin lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ya nínú ọpọlọ. Àmọ́ ẹni tí dókítà kọ ọ́ fún lẹ́yìn rọpárọsẹ̀ tàbí àrùn ọkàn, kó má dá a dúró fúnra rẹ̀ o.