Láti Ọwọ́ Teegun-teegun dé Ilé Ìwádìí: Ìtàn Bí Eegun Ṣe Ń Hù Padà

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí eegun àti eyín. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan ni ó sì gbé mi dé ìdí ọ̀ràn yìí: teegun-teegun.

Ní Ìmínì, Ìlọrà, Fìdítì àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ tí a ń pe ẹni tí ń tọ́jú eegun tí ó ṣẹ́ nìyí. Ẹ jẹ́ kí a wò ó fínnífínní. Bí a ti ń to igi tàbí òkúta, bẹ́ẹ̀ ni ó ń to eegun. Àwọn baba wa kò pè é ní ẹni tí ń mú eegun hù. Wọ́n mọ̀ pé títò ni iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn. Híhù jẹ́ ti ara fúnra rẹ̀.

Ní ìgbà èwe mi, mo rí bí wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n á fi òrí pa ojú ibẹ̀, wọ́n á fi ọparun tí a là pẹlẹbẹ dì í, wọ́n á sì ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìyẹ kan, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ lọ́nà kan náà. Ọjọ́ tí adìyẹ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa ni wọ́n á tú igi lára aláìsàn. Ìwádìí ni èyí, kì í ṣe àfọ̀ṣẹ lásán. Ṣùgbọ́n ó ní àbùkù: eegun adìyẹ a máa tètè jiná ju ti ènìyàn lọ. Àbùkù kejì burú jù ú lọ. Bí igi bá há jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní ṣàn mọ́, ẹran ara á kú, a ó sì gé ẹsẹ̀ tí à bá wò sàn. Ọ̀pọ̀ dókítà ní Nàìjíríà ni ó ti rí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀.

Ní 1945 ni a dá ilé ìwòsàn eegun ti Ìgbóbì sílẹ̀ ní Èkó, nítorí àwọn sójà tí ogun ṣe léṣe. Ilé ìwòsàn UCH ṣí ní Ìbàdàn ní 1957. Yunifásítì Èkó sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣègùn eyín ní 1966. Àwọn wọ̀nyí ní àwòrán tí ń fi inú ara hàn, wọ́n ní irin àti símẹ́ǹtì funfun. Síbẹ̀, títò náà ni dókítà ń tò. Ta ni ń pe eegun kí ó hù?

Ní Amẹ́ríkà ní 1965, Marshall Urist fi ásíìdì yọ ohun líle inú eegun kúrò, ó sì fi ìyókù sínú iṣan ara ehoro. Eegun tuntun hù níbi tí eegun kò sí rí. Ní 1971, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ fún èròjà tí ń ṣe iṣẹ́ náà ní orúkọ. Ní 1988 àwọn onímọ̀ mìíràn rí jíìnì rẹ̀. Láàárín àkókò yìí, ní 1986, Rita Levi-Montalcini àti Stanley Cohen gba ẹ̀bùn Nobel lórí àwọn èròjà tí ń mú sẹ́ẹ̀lì dàgbà. Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí lílo èròjà Urist fún eegun ẹ̀yìn ní 2002, àti fún eegun ẹnu ní 2007. Ṣùgbọ́n ní 2008 ìjọba wọn kìlọ̀ pé bí a bá lò ó ní ọrùn, ó lè wú débi pé aláìsàn kò ní lè mí. Ohun tí ń pe eegun lè pe ewu pẹ̀lú.

Ilẹ̀ wa kò sùn. Ní 2011, àwọn oníṣègùn eyín ní Ilé-Ifẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, wọ́n fi ẹ̀rọ yí i bírí, wọ́n sì mú apá tí èròjà ìdàgbà pọ̀ sí jùlọ, wọ́n fi í sí ojú ihò eyín tí a yọ. Ìrora wọn dínkù ju ti àwọn tí a kò fi sí fún lọ. Kì í ṣe pé eyín hù padà. Ẹ má jẹ́ kí a ṣe àbùmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ ni oògùn náà, a kò rà á ní òkè òkun.

Nítorí náà, ohun méjì ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí a kọ ìmọ̀ àwọn teegun-teegun sílẹ̀ kí àwọn àgbà tó kú tán, àti ibi tí ó dára àti ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó. Èkejì, kí a kọ́ wọn láti mọ àmì ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ kò ṣàn mọ́, kí wọ́n lè tètè gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ ọmọ Ìmínì tí ó ṣubú lórí alùpùpù kò gbọdọ̀ di gígé nítorí pé ìmọ̀ méjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀.