Nẹ́gátíìfù Bàbá Onífọ́tò àti Scanner Tó Lè Kà Á

Ní 1975, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague, tí òun náà jẹ́ ayafọ́tò, wá sí Ìlá Ọ̀ràngún, tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa lónìí. Iṣẹ́ àwọn onífọ́tò ìlú náà ló wá wò. Ní 1978, ó tẹ ohun tó rí jáde nínú ìwé ìròyìn African Arts. Nínú gbogbo ohun tó kọ, ọ̀kan ni mi ò lè gbàgbé: fọ́tò ìbejì.

Tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò pọ̀, onífọ́tò á ya èyí tó kù nìkan. Tó bá dé yàrá òkùnkùn, á tẹ nẹ́gátíìfù kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan ṣoṣo, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Táyé àti Kẹ́hìndé á wá jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, èyí tó kù á wọ aṣọ tirẹ̀, wọ́n á yà á. Á bọ́ ọ, á wọ aṣọ irú ti èkejì rẹ̀, wọ́n á tún yà á. Fún àwọn ìdílé kan, fọ́tò yìí ló bọ́ sí ipò ère ìbejì.

Ẹ wá rò ó wò. Fọ́tò tó wà lára ògiri ń sọ pé ọmọ méjì ló jókòó. Nẹ́gátíìfù ń sọ pé ọmọ kan ni. Ẹni tó bá ń wá bí wọ́n ṣe ṣe é gan-an, ọ̀dọ̀ nẹ́gátíìfù ló ń lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ irú scanner tá a máa rà, tó jọ ọ̀rọ̀ ọjà lásán, fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtàn lójú tèmi.

Àwọn bàbá onífọ́tò àkọ́kọ́ nílẹ̀ wa, kámẹ́rà onígi tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n lò, èyí tí onífọ́tò máa ń fi aṣọ dúdú bo orí kó tó rí ohun tó ń yà. Gíláàsì tí wọ́n pa oògùn sí ni wọ́n kọ́kọ́ ń kì bọ inú rẹ̀, kí fíìmù pẹlẹbẹ tó gbapò gíláàsì. Neils Walwin Holm, ọmọ Gold Coast, gbé iṣẹ́ fọ́tò tirẹ̀ wá sí Èkó ní 1896. Ní Ìlú Benin, Solomon Osagie Alonge ń ya fọ́tò ní ààfin Ọba Akenzua II láti 1933. Ìwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ ń lò. Èyí tí wọ́n ń pè ní half-plate jẹ́ ínǹṣì 4¾ sí 6½, ó tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Onífọ́tò lè fi pẹ́ńsù tó mú ṣóńṣó pa ojú rorẹ́ oníbàárà rẹ́ lórí nẹ́gátíìfù fúnra rẹ̀. Fílítà ti wà kí Snapchat tó dé.

Ní Ilé-Ifẹ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ náà tún ní ìrora nínú. Láàárín 1997 sí 2000, nígbà ìjà Ifẹ̀ àti Mọ́dákẹ́kẹ́, ilé púpọ̀ jó, fọ́tò tó wà lára ògiri wọn sì bá a lọ. Ó lè jẹ́ páálí kan tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní ilé onífọ́tò àtijọ́ ló kù tó mọ ojú bàbá àgbà ẹnì kan. Páálí ọ̀hún náà kò ní àkókò. Fíìmù acetate máa ń bàjẹ́ nínú ooru àti ọ̀rinrin, á sì máa rùn bí fínígà. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ òórùn yẹn, ẹ yára.

Ó yá, irú scanner wo? Èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì ní Láàgéré, iná abẹ́ nìkan ló ní. Ìwé ló wà fún. Nẹ́gátíìfù ní tirẹ̀, iná gbọ́dọ̀ là á kọjá, nítorí náà scanner tá a nílò gbọ́dọ̀ ní iná nínú ìdérí. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ná ìnákúnàá nìyí, torí iná inú ìdérí kò fẹ̀ bákan náà. Epson V600 ní in, owó rẹ̀ sì rọjú díẹ̀, ṣùgbọ́n iná náà kò fẹ̀ ju nǹkan bí ínǹṣì 2.7 lọ. Fíìmù 35mm àti 120 ló wà fún. Tẹ́ ẹ bá gbé half-plate lé e, ẹ máa scan rẹ̀ ní wẹ́wẹ́, ẹ tún máa rán an pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Fún nẹ́gátíìfù kan, ó ṣeé ṣe. Fún ẹgbẹ̀rún kan, ìyà ni.

V700 tó jáde ní 2006, àti V850 tó dé ní 2014, iná tiwọn bo ínǹṣì 8 sí 10. Àwọn ni mo máa ní kẹ́ ẹ wá. V850 ń lo iná LED, kì í dúró kí iná gbóná kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àmọ́ V700 tòkunbọ̀ tí gíláàsì rẹ̀ mọ́ tó mi.

Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ara páálí dẹ́rù bà yín. Wọ́n kọ 6400 dpi síbẹ̀. Àwọn tó dán V700 wò rí i pé ohun tó ń rí ní tòótọ́ jẹ́ nǹkan bí 2300. Fún 35mm, ìyẹn kéré. Fún half-plate, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ní 2400 dpi, 35mm á fún wa ní nǹkan bí mílíọ̀nù píksẹ́lì 7.7, half-plate á fún wa ní 177. Kódà ní 1200 lásán, ó lé ní mílíọ̀nù 44, tó pọ̀ tó láti ka ilà ojú àti àrà ara aṣọ. Ní 2400, fáìlì kan á tó nǹkan bí 350 MB. Ẹgbẹ̀rún nẹ́gátíìfù á gba 350 GB. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ fi 1200 ṣe gbogbo páálí, kẹ́ ẹ wá fi 2400 tún àwọn tó ṣe pàtàkì ṣe. Iná NEPA ò ní dúró dè yín, ẹ wá inverter.

Ẹnì kan á ní, fóònù mi ńkọ́? Ó dáa fún yíyẹ ohun tó wà nínú páálí wò, tẹ́ ẹ bá gbé nẹ́gátíìfù síwájú iná funfun. Kámẹ́rà gidi tó ní lẹ́ǹsì macro lè ṣe iṣẹ́ scanner pàápàá. Ẹni tó bá ti ní in kò nílò láti ra nǹkan mìíràn.

Digital ICE tí wọ́n fi ń polówó pé ó ń pa eruku rẹ́, ẹ pa á. Fàdákà tó wà nínú fíìmù dúdú-àti-funfun kì í jẹ́ kí iná infrared rẹ̀ kọjá, ó sì lè ba àwòrán jẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni kẹ́ ẹ fi gbá eruku kúrò. Férémù 4×5 tó bá scanner wá kò gba half-plate, orí gíláàsì gan-an lẹ máa gbé e sí. Ẹ dojú ẹ̀gbẹ́ tí kò dán bolẹ̀, kí àmì bí òrùka má bàa hàn, kẹ́ ẹ wá yí àwòrán náà padà lórí kọ̀ǹpútà.

Ẹ má sì gé etí rẹ̀. Etí yẹn ni ẹsẹ̀ àga, ìparí aṣọ ẹ̀yìn àti nọ́ńbà tí onífọ́tò kọ wà. Tó bá jẹ́ nẹ́gátíìfù ìbejì ni, níbẹ̀ lẹ ti máa rí ọmọ kan ṣoṣo, tí wọ́n fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.