Ìka tí ó ṣẹ̀ ni ọba ń gé: Ìtàn iṣẹ́ rìwáyà ní ọ̀nà Aramọkọ

Ẹ̀yin ọmọ Aramọkọ nílé, lóko àti lẹ́yìn odi, nígbà tí a bá ń ka ìtàn ìlú wa, ti àwọn Alárá, ti ìjọ àti ti ilé-ẹ̀kọ́ ni a sábà máa ń kà. A kì í ka ti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀bá títì. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà mọ́tò jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ó sọ wá di ará ayé. Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ṣùgbọ́n kò dé Èkìtì. Nítorí náà, lọ́rì ni ó ń ru kòkó, iṣu àti ènìyàn gba ọ̀nà Iléṣà, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, Aramọkọ, Ìgèdè, Ìyìn títí dé Adó. Bí lọ́rì bá kú sójú ọ̀nà, ọjà a bàjẹ́, aláìsàn kò sì ní tètè dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Ó yẹ, nígbà náà, kí a kọ ìtàn àwọn tí ń jí ọkọ̀ dìde, pàápàá àwọn tí ń wá àrùn iná rẹ̀, tí gbogbo wa mọ̀ sí rìwáyà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, agbára apá ni a fi ń jí ẹ́ńjìnnì. Irin kan wà tí ọmọ ọkọ̀ máa ń kì bọ iwájú mọ́tò, tí yóò sì fi gbogbo agbára yí i. Ewu wà níbẹ̀, nítorí pé ẹ́ńjìnnì lè ta irin náà padà kí ó sì ṣẹ́ ọmọ náà lápá. Charles Kettering ní Amẹ́ríkà ni ó ṣe ẹ̀rọ tí ń fi iná bátìrì jí ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ Cadillac sì gbé e jáde ní ọdún 1912. Síbẹ̀, irin yíyí kò tètè kúrò nínú àwọn lọ́rì Bedford àti Austin tí ó ń ná ọ̀nà wa. Bí bátìrì bá kú, apá ọmọ ọkọ̀ kò tíì kú.

Bátìrì dà bí ìkòkò omi: bí a bá ń bù nínú rẹ̀ tí a kò pọn kún un, yóò gbẹ. Ní ayé àwọn lọ́rì wọ̀nyẹn, dáínámò ni apọnmi náà, bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ni ó sì ń yí i. Àbùkù rẹ̀ ni pé bí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra yí, kì í lè pọn tó. Lọ́rì tí ó bá tanná dúró de èrò lálẹ́ ń jẹ bátìrì rẹ̀ ni. Àwọn àgbà oníṣẹ́ nígbà náà kò ní ju ojú, etí àti gílóòbù kan tí a so mọ́ wáyà méjì. Ìdánwò tí ó yá wọn lọ́wọ́ jù ni pé kí ẹ́ńjìnnì máa yí, kí wọ́n sì yọ wáyà kúrò lórí bátìrì. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, dáínámò ni ó jẹ̀bi. Bí kò bá kú, ara dáínámò le. Ọgbọ́n ni èyí ní ìgbà tiwọn, nítorí pé kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tí ó tètè ń jóná nínú dáínámò.

Ṣùgbọ́n ayé yí padà. Láti ọdún 1960 ni ilé-iṣẹ́ Chrysler ní Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi alternator rọ́pò dáínámò. Òun náà ni ó wà nínú Peugeot 504 tí a bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní ọdún 1975. Alternator ń pọn iná tó bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ ń rọra yí. Iná rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Nítorí náà a fi àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké sínú rẹ̀ tí ń mú iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹlẹgẹ́ ni àwọn ilẹ̀kùn yìí. Bí a bá yọ wáyà bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí, iná lè fò kọjá 40 volt ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ó sì jó wọn. Báyìí ni ọgbọ́n àná ṣe di ìpalára òní. Ẹni tí wáyà kan ṣoṣo tú lára ọkọ̀ rẹ̀ lè padà sílé pẹ̀lú gbèsè alternator titun.

Àwọn baba wa ní ìka tí ó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Kí oníṣẹ́ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, kí ó kọ́kọ́ wo bẹ́líìtì bóyá ó dẹ̀, kí ó sì wo orí bátìrì bóyá ó dípẹtà. Lẹ́yìn náà ni kí ó mú mítà. Bátìrì tí ó kún, tí ó sì ti sinmi, yóò fi nǹkan bí 12.6 volt hàn. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí, ó yẹ kí ó wà láàárín 13.5 sí 14.5. Bí kò bá gòkè rárá, a kò pọn omi sí ìkòkò. Bí ó bá kọjá 15, omi ti pọ̀ jù, bátìrì yóò sì máa hó. Bí ẹ̀yìn alternator bá fi 14 hàn, tí orí bátìrì sì fi 12.5 hàn, olè wà nínú wáyà àárín wọn. Kí a má sì gbàgbé iná pupa iwájú awakọ̀: ó gbọ́dọ̀ tàn nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́, kí ó sì kú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá jí. Bí kò bá tàn rárá, kí a yẹ gílóòbù rẹ̀ wò, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ipasẹ̀ rẹ̀ ni iná díẹ̀ ń gbà lọ jí alternator fúnra rẹ̀.

Ayé tún ti yí padà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní ọdún 1996, tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, ni òfin Amẹ́ríkà mú un ní dandan pé kí àwọn ọkọ̀ kéékèèké titun tí a ń tà níbẹ̀ ní ojú kan tí a lè fi ẹ̀rọ ka àìsàn wọn. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó kún títì wa ní tòkunbọ̀. Nínú òmíràn lára wọn, kọ̀ǹpútà ni ó ń pàṣẹ fún alternator. Ó lè ní kí ó dín iná kù fún ìgbà díẹ̀, láìsí àrùn kankan. Ẹni tí kò mọ èyí yóò tú ohun tí kò bàjẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́, a bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi ọwọ́ nìkan kọ́ ọmọ iṣẹ́. Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún un, kí ó lè mọ ìgbà tí àṣà ti di àṣìṣe. Ẹ̀yin ọmọ wa lẹ́yìn odi, bí ẹ bá ń ronú ohun tí ẹ ó fi ta ọmọ iṣẹ́ kan lọ́rẹ lọ́jọ́ tí ó bá gba òmìnira, mítà kan kò wọ́n, yóò sì gba ọ̀pọ̀ awakọ̀ lọ́wọ́ ìnáwó asán. Ọ̀nà ni ó mú ayé wọ ìlú wa. Àwọn tí ń mú ọkọ̀ rìn lórí rẹ̀ kò yẹ ní ẹni ìgbàgbé.