Edwin Flack

Edwin Flack (5 Oṣù Kọkànlá 1873 – 10 Oṣù Kìíní 1935) ni ọmọ Ọsirélíà àkọ́kọ́ tó díje nínú Òlíńpíìkì. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí, àmọ́ Melbourne ló dàgbà sí. Iṣẹ́ ìṣirò owó ló gbé e padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ló ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, tó lọ sí Òlíńpíìkì ní Áténì lọ́dún 1896.

Ní 7 Oṣù Kẹrin, ó gba ipò kìíní nínú eré 1,500 mítà. Arthur Blake ará Amẹ́ríkà ló ṣe ìkejì. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ó tún gba ti 800 mítà. Fàdákà ni wọ́n ń fún ẹni kìíní nígbà náà, kì í ṣe wúrà.

Kò tán síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó tún bọ́ sí eré Máráthọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ kò sá irú ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ rí. Òun ló ń ṣáájú kí Spyridon Louis ará Gíríìsì tó yà á sílẹ̀. Nígbà tó ku nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta, ẹsẹ̀ kọ̀ fún un. Òǹwòran ará Gíríìsì kan sún mọ́ ọn láti dì í mú kó má baà ṣubú. Flack, tí òòyì ti ń kọ́, gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni wọ́n fi gbé e dé pápá.

Kò díje ní Òlíńpíìkì mìíràn mọ́. Ó padà sílé, ó ń bá iṣẹ́ ìṣirò owó lọ, ó sì ń sin màlúù ní Berwick, níbi tí ère rẹ̀ wà lónìí.